Ọwọ́ Ara Ẹni: Ìtàn Àwọn Olórin Whitby

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òwe yìí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá rántí àwọn ọmọkùnrin márùn-ún kan láti ilẹ̀ Kánádà, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ orin wọn ní Protest the Hero. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò bi mí léèrè pé kí ni ó pa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá pọ̀ mọ́ orin aláriwo tí àwọn Òyìnbó ń kọ. Kí ẹni náà ṣe sùúrù fún mi. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ibi tí ọgbọ́n bá sì wà ni a ti í wá a.

Ilé onílù ni a bí mi sí. Bàbá mi a máa lu ìyáàlù, àbúrò rẹ̀ a máa lu gúdúgúdú. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹgọ́ pe orúkọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọlọ́lá kan ní ìlú wa ń gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, ó sì bá bàbá mi ṣe àdéhùn iye tí yóò san. Wọ́n lùlù láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ owó, ọlọ́lá náà ní owó tí àwọn àlejò ti lẹ̀ mọ́ àwọn onílù níwájú orí ti tó, pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn padà sílé lóru ọjọ́ náà. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò ní fi ìlù jẹun láyé mi. Ìwé ni mo gbá mú.

Ní ọdún tí mo wọ yunifásítì, a fi èmi àti ọmọkùnrin kan tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sí yàrá kan náà. Orin tí ó ń gbọ́ lálaalẹ́ dà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ mẹ́wàá bá ń lu irin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i, mo tilẹ̀ ń kó ìwé mi lọ sí ilé ìkàwé nítorí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo dùbúlẹ̀ tí oorun kò kùn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ka ìlù orin náà lára ògiri. Mo rò pé mẹ́rin mẹ́rin ni yóò máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méje ni. Kò pẹ́, ó di márùn-ún, ó tún padà di méje. Gìtá méjèèjì ń sá lọ lókè bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, síbẹ̀ gbogbo wọn jọ dé oríta kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dìde jókòó. Ọmọ onílù kò lè ṣàì mọ ohun tí ó ṣòro nígbà tí ó bá gbọ́ ọ. Mo ní, "Ta ni àwọn wọ̀nyí?" Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó sì dá mi lóhùn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ìtàn wọn kiri nìyí.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ kí a mọ ìdílé tí orin wọn ti ṣẹ̀ wá. Orin tí àwọn Òyìnbó ń pè ní heavy metal, tí èmi yóò máa pè ní orin onírin, ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ irin wá ní tòótọ́. Ní Birmingham, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Tony Iommi ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń rọ páànù irin. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì, ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà gan-an. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ìka ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ń tẹ okùn gìtá ni ẹ̀rọ náà mú. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí fún un. Ṣùgbọ́n ó yọ́ ike, ó fi ṣe orí ìka fún ara rẹ̀. Nígbà tí ó sì yá, ó dẹ okùn gìtá náà kí ó lè rọrùn fún un láti tẹ̀. Okùn tí a bá dẹ̀ a máa dún nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì wúwo. Ohùn wúwo ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, tí wọ́n gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1970, ni ó di ìpìlẹ̀ gbogbo orin onírin.

Ní ọdún kan ṣáájú èyí, 1969, ni àwọn King Crimson gbé àwo tiwọn jáde ní London. Àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ kí orin mọ sí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí rédíò ń fẹ́. Wọn a máa kọ orin gígùn, wọn a máa yí ìlù padà láàárín orin, wọn a sì máa mú nǹkan láti inú jáàsì àti láti inú orin àwọn àgbà Yúróòpù. Nígbà tí ọgbọ́n àwọn wọ̀nyí àti ìwúwo àwọn ará Birmingham pàdé, ọmọ tí wọ́n bí ni a ń pè ní progressive metal: orin onírin tí kì í gbà kí a fi odi yí òun ká. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn Queensrÿche àti Fates Warning gbé e ró láàárín 1980 sí 1989. Àwọn Dream Theater, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985 nígbà tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Berklee ní Boston, sì sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri ayé pẹ̀lú àwo wọn ti ọdún 1992, Images and Words.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó kàn wá jùlọ nínú àwọn bàbá ńlá yìí ni Rush, nítorí ọmọ Toronto ni wọ́n, Whitby kò sì jìnnà sí Toronto. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ní Kánádà tí ó fẹ́ gba iṣẹ́ wọn. Àwọn àti alágbàtà wọn bá dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Moon Records, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé àwo àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1974. Donna Halper, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò kan ní Cleveland, gbọ́ ọ, ó sì gbé orin kan tí ó sọ nípa òṣìṣẹ́ sórí afẹ́fẹ́. Ìlú ilé-iṣẹ́ ni Cleveland. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ rédíò náà láago láti béèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ ńlá ti Amẹ́ríkà ṣe wá wọn wá.

Ilé-iṣẹ́ ńlá a máa ní ìfẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwo kẹta àwọn Rush kò tà dáadáa ní 1975, wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú orin gígùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n ní bí àwọn yóò bá tilẹ̀ ṣubú, orin àwọn ni àwọn yóò kọ ṣubú. Ní 1976 wọ́n gbé 2112 jáde. Orin kan ṣoṣo ni ó kún gbogbo ojú kìn-ín-ní àwo náà fún ogún ìṣẹ́jú. Ìtàn inú rẹ̀ ni ti ìlú kan níbi tí àwọn àlùfáà ti ń pàṣẹ irú orin tí ènìyàn lè gbọ́, títí ọkùnrin kan fi rí gìtá àtijọ́ he. Ẹ kò nílò kí n túmọ̀ àwọn àlùfáà náà fún yín. Àwo náà tà, ẹnikẹ́ni kò sì tún pàṣẹ fún wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Whitby. Ìlú kan ni ní etí adágún Ontario, ní ìhà ìlà-oòrùn Toronto. Níbẹ̀ ní ọdún 1999 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ti kó ara wọn jọ: Rody Walker ni akọrin, Luke Hoskin àti Tim Millar ni onígìtá, Arif Mirabdolbaghi ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Moe Carlson sì ń lùlù. Ọmọ kékeré ni gbogbo wọn. Happy Go Lucky ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, kí wọ́n tó pa á dà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó dá dúró ní Toronto, Underground Operations, ni ó kọ́kọ́ gbà wọ́n mọ́ra.

Ní ọdún 2005, wọ́n gbé Kezia jáde. Mo gbọ́ àwo yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, nígbà tí mo sì mọ̀ ọ́n, ẹnu yà mí. Ìtàn obìnrin kan ni, Kezia, tí wọ́n fẹ́ pa. Apá mẹ́ta ni ìtàn náà pín sí. Ní apá kìn-ín-ní, àlùfáà tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ní apá kejì, ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní apá kẹta, Kezia fúnra rẹ̀. Bí a ti ń gbọ́ ọ ni a ń rí i pé ọ̀ràn kan náà kì í jọra lójú ẹni tí ó ń wo ikú àti lójú ẹni tí ikú ń bọ̀ wá bá. Arif ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin wọ̀nyí. Obìnrin kan, Jadea Kelly, sì wà níbẹ̀ tí ó ń fi ohùn rẹ̀ kún tiwọn. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé girama ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fortress jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, tí ó sì wọlé sí ipò kìn-ín-ní nínú ìwé ìṣirò àwo tí wọ́n tà jùlọ ní Kánádà ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún orin tí rédíò kì í fẹ́ fi ọwọ́ kàn. Scurrilous tẹ̀ lé e ní 2011. Lójú ẹni tí ó ń wo wọn lókèèrè, wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí n dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé bí òwò àwo orin ti rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Olórin tí kò ní owó a máa tọ ilé-iṣẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ a yá a ní owó tí yóò fi gba ohùn sílẹ̀. Owó náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kí olórin tó rí nǹkan gidi nínú àwo tí a tà, a ó kọ́kọ́ yọ owó náà kúrò nínú ìpín tirẹ̀. Bí ó bá sì san án tán, lọ́pọ̀ ìgbà ilé-iṣẹ́ náà ni ó ṣì ni ojúlówó ohùn tí a gbà sílẹ̀. Àwọn baba wa mọ ètò ìwọ̀fà, wọ́n sì mọ ìnira rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà tí ó bá san owó olówó tán, ara rẹ̀ ti di tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórin ni ó ti san owó tán tí orin rẹ̀ kò di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí King Sunny Adé tiwa náà fi rí i pé ó tọ́ láti ní ilé-iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀, Sunny Alade Records, láàárín 1970 sí 1979.

Àwọn kan ti ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Ní 1997, ẹgbẹ́ Marillion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn olólùfẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà pé kò sí owó tí àwọn yóò fi wá ṣeré lọ́dọ̀ wọn. Àwọn olólùfẹ́ náà fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ara wọn jọ, wọ́n dá nǹkan bí 60,000 dọ́là, wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀. Èyí la àwọn Marillion lójú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àwo tí ó jáde ní 2001, wọ́n kọ̀wé sí àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n ra àwo tí a kò tíì ṣe. Àwọn tí ó lé ní 12,000 sanwó.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn ọmọ Whitby náà wà láìní àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kankan. Dípò kí wọ́n wá ọ̀gá mìíràn, wọ́n lo Indiegogo, ojú òpó tí ẹnikẹ́ni lè gbà dá owó fún iṣẹ́ tí ó bá wù ú. Wọ́n ní 125,000 dọ́là ni àwọn ń wá láti fi ṣe àwo kẹrin. Kí ọjọ́ kejì tó parí, owó náà ti pé. Nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, ohun tí ó wà nínú igbá lé ní 340,000 dọ́là. Kò sí ọlọ́lá kan ṣoṣo tí ó dá a. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni, tí kálukú mú ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká wá, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń dá èésú.

Wàhálà kò ṣàì bá a rìn. Ní ọdún náà gan-an ni Moe Carlson fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ẹgbẹ́ tí ó ti gba owó lọ́wọ́ gbogbo ayé tí kò sì ní onílù! Chris Adler, onílù ẹgbẹ́ Lamb of God, ni ó wá bá wọn lùlù inú àwo náà. Volition ni wọ́n sọ ọ́, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe kí ènìyàn ṣe nǹkan láti inú ìfẹ́ ara rẹ̀. Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Ní 2014, ó gba ẹ̀bùn Juno, ẹ̀bùn orin tí ó ga jùlọ ní Kánádà, gẹ́gẹ́ bí àwo orin onírin tí ó dára jùlọ ní ọdún náà.

Láti ìgbà náà wọn kò dẹ́kun àti máa wá ọ̀nà. Arif kúrò láàárín wọn ní 2014, àwọn mìíràn sì wọlé. Ní oṣù kẹwàá 2015 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní Pacific Myth: ẹni tí ó bá san àsansílẹ̀ yóò máa gba orin tuntun kan lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́fà. Ní 2020 ni Palimpsest jáde. Ìwé awọ àtijọ́ tí a ha ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kúrò kí a lè kọ òmíràn lé e ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ń ha wò nínú rẹ̀, títí kan ti Amelia Earhart, obìnrin awakọ̀ òfuurufú tí ó sọnù ní 1937. Nígbà tí iṣẹ́ àwo yìí ń lọ lọ́wọ́, ohùn Rody Walker kọṣẹ́. Ó ní láti tún kọ́ bí a ti ń kọrin kí ó tó lè parí rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọn sì dúró dè wọ́n.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé ilé-iṣẹ́ burú, òmìnira dára, kí ó sì dìde lọ. Èmi kò rò pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n dáwó ní 2013 ti mọ Kezia àti Fortress, iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ bá wọn gbé jáde. Ọmọ tí ẹnìkan kò mọ̀ rí lè gbé igbá kalẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ogunlọ́gọ̀ náà lè di ọ̀gá. Ọ̀gá kan a máa sùn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ọ̀gá kì í sùn pọ̀.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá mi lọ. Mo fi orin kan lu etí rẹ̀. Ó tẹ́tí dáadáa, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó wá ní, "Onílù yìí mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ènìyàn jó." Nígbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ owó fún un. Mo rò pé iye rẹ̀ ni yóò yà á lẹ́nu. Ohun tí ó bi mí ni pé, "Àwo tí wọ́n sanwó fún yẹn, ṣé ó dé ọwọ́ wọn?"

Mo ní, "Ó jáde, Bàbá. Kò tó ọdún kan."

Ó ní, "Ó dára. Ṣé o rántí ọlọ́lá tí kò san owó wa? Ọjọ́ tí a tilé rẹ̀ bọ̀, èmi sùn. Òun ni ó jẹ gbèsè; títí ó fi kú, kò lè wo ojú mi bí ó bá ń kí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba owó kí ó tó lùlù, òun ni ó jẹ gbèsè. Kí àwọn ọmọ náà má sùn o."

Ọdún méje ni mo ti fi rò pé ìtìjú ni bàbá mi gbé délé lóru ọjọ́ yẹn. N kò mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé ni ó ń sùn dáadáa. Ohun tí mo rí kọ́ lára àwọn olórin Whitby náà ni èyí: ẹni tí ó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá kò bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, ó kàn yan àwọn tí yóò jẹ ní gbèsè ni, ó sì ń fi iṣẹ́ san án. Wọ́n yan àwọn tí wọ́n fẹ́ràn orin wọn, wọ́n sì san án.

Èmi kò tíì sọ pé ìlù ni n ó fi jẹun. Ṣùgbọ́n kí ìsinmi náà tó parí, mo mú gúdúgúdú sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, mo ní kí bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà fún mi láti ibi tí mo ti fi í sílẹ̀. Ó wò mí lọ títí, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ yá awọ rẹ̀ nínú oòrùn.